Èédú Enugu tó gba Láfẹ́nwá kọjá: àwọn ìbéèrè tí wọ́n máa ń bi mí

Etí ojú irin ni wọ́n ti tọ́ mi dàgbà, ní Láfẹ́nwá. Rélùwéè ni bàbá mi ṣiṣẹ́ sí. Òun ló ń fi ṣọ́bìrì da èédú sínú iná ọkọ̀. Nígbà tí èmi náà dàgbà, mo di olùkọ́ ìtàn, àwọn ọmọ kíláàsì mi sì máa ń béèrè ibi tí dúdú tó wà léékánná bàbá mi ti wá. Torí náà ni mo ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í wádìí Enugu, ìlú tí wọ́n ti ń wa èédú yẹn. Bí mo ṣe fẹ̀yìn tì tó, ìbéèrè ò tán: àwọn aládùúgbò ń bi mí, àwọn tí mo kọ́ nílé ìwé nígbà kan ń pè mí lórí fóònù. Mo wá kó èyí tó wọ́pọ̀ jù jọ síbí, pẹ̀lú ìdáhùn. N kò tò wọ́n ní àtòpọ̀ ilé ìwé. Bí wọ́n ṣe máa ń bi mí ni mo ṣe kọ wọ́n.

Èédú wo gan-an lẹ ń sọ? Ṣé èyí tí wọ́n fi ń sun àgbàdo ni?

Rárá o. Èédú alágbàdo, igi ni. Wọ́n á to igi jọ, wọ́n á fi ewé àti erùpẹ̀ bò ó kí afẹ́fẹ́ má ráyè wọlé dáadáa, iná á máa jó o jẹ́jẹ́ títí yóò fi di èédú. Púpọ̀ nínú èyí tí wọ́n ń tà lọ́jà wa, láti ìhà Òkè-Ògùn ló ti ń wá.

Èyí tí mo ń sọ yìí, kò sẹ́ni tó sun ún. Inú ilẹ̀ ni wọ́n ti ń wà á jáde. Igi àti ewéko ló kú sínú irà ní nǹkan bí àádọ́rin mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn, ẹrẹ̀ bò wọ́n, iyanrìn gun orí ẹrẹ̀, ẹrẹ̀ mìíràn tún gun orí iyanrìn, ìwúwo àti ooru inú ilẹ̀ sì sọ wọ́n di òkúta dúdú tó ń jó. Tí ẹ bá gbé e lọ́wọ́, ẹ ó mọ̀ pé kì í ṣe èédú igi: ó wúwo, ó sì ń dán níbi tó bá ti là. Àwọn àgbà rélùwéè kì í tilẹ̀ pè é ní èédú. "Kóòlù" ni wọ́n ń pè é. Màmá mi a máa sọ pé kóòlù ò ṣeé fi dáná ọbẹ̀, pé òórùn rẹ̀ á wọnú ọbẹ̀ lọ. Mo gbà pé ó ti gbìyànjú rẹ̀ wò nígbà kan tí bàbá mi ò sí nílé.

Kí ló wá kan Abẹ́òkúta nínú ọ̀rọ̀ èédú Enugu?

Ọkọ̀ ojú irin ló kàn án. Ojú irin tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì tẹ́ láti Èkó gba Abẹ́òkúta kọjá, ó sì dé Ìbàdàn ní 1901. Ẹ̀rọ ọkọ̀ ìgbà náà, omi àti iná ló ń mú un rìn. Iná á hó omi nínú ìkòkò irin ńlá, ooru omi tí wọ́n há mọ́nú á máa wá ọ̀nà àtijáde, agbára rẹ̀ ni yóò sì máa ti irin tó ń yí ẹsẹ̀ ọkọ̀. Bí iná bá kú, ọkọ̀ di òkú irin lójú ọ̀nà.

Ní ìbẹ̀rẹ̀, ọkọ̀ òkun ló ń kó èédú wá láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n sì máa ń fi igi kún un. Ẹ wo ìyẹn ná: wọ́n ń ti òkè òkun ra ohun tó wà lábẹ́ ẹsẹ̀ àwọn ará Udi, ìhà olókè tí Enugu wà. Láti 1916 ni ti Enugu bẹ̀rẹ̀ sí í jáde. Ọ̀nà tó ń gbà dé ọ̀dọ̀ wa kì í ṣe tààrà. Ojú irin máa ń kó o láti Enugu lọ sí Port Harcourt, nǹkan bíi kìlómítà 243, ọkọ̀ òkun á gbà á níbẹ̀, á gbé e wá sí Èkó, àwọn ọkọ̀ ojú irin ìhà ọ̀dọ̀ wa á sì gbé tiwọn. Èkó náà ń jẹ nínú rẹ̀: ilé iṣẹ́ iná mànàmáná Ìjọrà, èédú ló ń jó. Nítorí náà, nígbà tí gílóòbù bá ń tàn ní Èkó tí ọkọ̀ sì ń fọn fèrè bọ̀ lórí afárá odò Ògùn ní Láfẹ́nwá, ọwọ́ ẹnì kan wà nínú ihò kan ní Enugu tó ń fi dígà lu ògiri dúdú.

Ta ló kọ́kọ́ rí i?

Ohun tó wà nínú ìwé ni pé ikọ̀ òyìnbó kan tó ń yẹ ohun inú ilẹ̀ wò, tí Albert Kitson ṣe olórí rẹ̀, ló rí i ní ìhà Udi ní 1909. Ọ̀rọ̀ "rí" yẹn máa ń gbé mi nínú. Àwọn ará Ngwo ti ń gbé orí òkè náà tipẹ́tipẹ́, wọ́n ń ṣe oko, wọ́n ń pọn omi nínú àwọn odò tó gé òkè náà ní àgékù tí èédú sì yọ orí síta ní etí wọn. Ohun tí Kitson rí ni pé ó ṣeé tà.

Ní 1915 ni iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní Ogbete, ní Enugu. Ogun Àgbáyé Kìíní ti bẹ́ sílẹ̀ nígbà náà, ọkọ̀ òkun wọ́n, èédú ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sì ti gbówó lórí, ìjọba ò sì ní sùúrù. Òyìnbó onímọ̀ ìwakùsà kan tó ń jẹ́ Leck ló kó àwọn òṣìṣẹ́ àkọ́kọ́ wá láti Onitsha. Bákan náà ni wọ́n gbé Port Harcourt kalẹ̀ létí omi kí èédú lè rí ibi wọ ọkọ̀. Orúkọ Lewis Harcourt, mínísítà tó ń bójú tó àwọn ilẹ̀ tí Gẹ̀ẹ́sì ń ṣàkóso, ni gómìnà Lugard fi sọ ìlú náà. Ẹ wá rò ó wò: ìlú ńlá méjì, ọ̀kan lórí òkè, èkejì létí omi, ihò kan ṣoṣo ló bí àwọn méjèèjì.

Kí ni ìtumọ̀ Enugu?

Orí òkè. Enu ni "orí", ugwu ni "òkè". Bí a ṣe jẹ́ abẹ́ òkúta ni wọ́n ṣe jẹ́ orí òkè. Mo máa ń sọ fún àwọn ọmọ kíláàsì mi pé ìlú méjèèjì ló gba orúkọ lọ́wọ́ òkúta, àmọ́ òkúta tiwa dáàbò bo àwọn bàbá wa nígbà ogun, tiwọn ló sì jẹ́ kí àlejò wá gba ilẹ̀ wọn.

Ṣé àwọn ènìyàn fínnúfíndọ̀ wá ṣiṣẹ́ nínú ihò náà?

Ní ìbẹ̀rẹ̀, rárá. Ẹni tó ní oko àti iṣu, kí ni yóò lọ wá nínú òkùnkùn? Àwọn baálẹ̀ tí ìjọba fi ìwé àṣẹ jẹ, tí wọn kì í ṣe ọba láti ìran wọn, ni wọ́n ń béèrè ènìyàn lọ́wọ́ wọn. Èyí tó lókìkí jù nínú wọn ni Onyeama ti ìlú Eke. Bí ọkùnrin kan ò bá wá, ìyà á jẹ ẹ́, bí ó bá wá, iṣẹ́ á jẹ ẹ́. Àní kí wọ́n tó ṣí ihò àkọ́kọ́ rárá ni àwọn ará Udi ti dìde ogun sí ìjọba ní oṣù kọkànlá 1914, nítorí iṣẹ́ àfipáṣe àti àṣẹ tí wọ́n ń pa lé wọn lórí. Ìbọn ni wọ́n fi dá wọn lóhùn.

Kí ọmọ Ẹ̀gbá má ṣe wò ó bí ọ̀rọ̀ ìlú mìíràn. Oṣù kẹjọ ọdún 1914 kan náà ni àwọn ọmọ ogun yìnbọn pa àwọn ará Ìjemọ̀, tí òmìnira Ẹ̀gbá sì lọ mọ́ ọn. Ní 1918, nígbà tí owó orí àti iṣẹ́ àfipáṣe dé ọ̀dọ̀ wa, ogun Adùbí bẹ́. Ohun tí àwọn ènìyàn wa kọ́kọ́ dojú kọ ni ojú irin, wọ́n hú u, wọ́n sì gé wáyà tí ìjọba fi ń ránṣẹ́. Wọ́n mọ̀ pé ibẹ̀ ni agbára ìjọba ń gbà wọlé. Mo máa ń rò ó pé àwọn tó ń wa èédú ní ipá lọ́hùn-ún àti àwọn tó ń hú irin níhìn-ín, ẹnì kan náà ni wọ́n jọ ń bá jà láìmọra wọn.

Nígbà tó yá, owó mú kí àwọn kan máa fẹ́ iṣẹ́ náà. Owó orí gbọ́dọ̀ di sísan, owó ìyàwó ń bẹ, àbúrò fẹ́ lọ sílé ìwé. Àwọn ọ̀dọ́ ará abúlé tó yí òkè náà ká, Ngwo àti Agbaja àti Nkanu, ló pọ̀ jù nínú ihò, nígbà tí àwọn ará Onitsha àti Owerri tó ti kàwé ń jókòó nídìí tábìlì akọ̀wé.

Báwo ni wọ́n ṣe ń wà á? Ṣé kànga ni wọ́n ń gbẹ́?

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló rò bẹ́ẹ̀. Ní Enugu, wọn kò sọ̀kalẹ̀ sínú ilẹ̀ bí ẹni tó ń gbẹ́ kànga. Ẹ̀gbẹ́ òkè ni wọ́n ti dá ihò lu wọlé, bí ẹni tó ń dá ògiri ilé lu, nítorí èédú náà tẹ́ pẹrẹsẹ nínú òkè bí àkàrà tí wọ́n fi há àárín búrẹ́dì. Ìpele èédú márùn-ún ló wà níbẹ̀. Ìkẹta ni wọ́n wà jù. Ihò Udi, ìyẹn èyí tó wà ní Ogbete, ló kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀, Iva tẹ̀ lé e ní 1917, lẹ́yìn náà ni Okpara, Onyeama àti Ekulu dé.

Ẹni tó fẹ́ mọ bí iṣẹ́ náà ṣe rí, kí ó ronú nípa yàrá kan tí àjà rẹ̀ kò jẹ́ kí ẹ nàró. Òkùnkùn biribiri. Àtùpà kékeré lórí. Awa-èédú á tẹ̀ ba, á máa fi dígà gé èédú ní ìsàlẹ̀ ògiri, wọ́n á fi àdó tí wọ́n fi ń fọ́ àpáta fọ́ ohun tó ṣẹ́ kù, èédú á ya lulẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́kùnrin á kó o sínú kẹ̀kẹ́ irin, wọ́n á tì í lórí irin tóóró dé ibi tí okùn irin yóò ti fà á síta. Wọ́n máa ń fi òpó èédú sílẹ̀ láàárín kí àjà má bàa wó. Nígbà tí wọ́n bá padà wá gé àwọn òpó náà, igi ni wọ́n á fi gbé òkè ró, wọ́n á sì máa tẹ́tí sí i. Igi máa ń ké kó tó ṣẹ́. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi fẹ́ràn igi ju irin lọ fún irú iṣẹ́ yìí, níbikíbi tí wọ́n ti ń wa èédú láyé: irin kì í kìlọ̀.

Èédú Enugu kì í fi bẹ́ẹ̀ mú èéfín tó ń bú gbàmù jáde bíi ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Omi ni ọ̀tá tiwọn. Òkè náà gba omi bí kànrìnkàn, omi sì ń jò láti àjà, ó ń sun láti ilẹ̀, ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ máa fà á síta tọ̀sán tòru. Omi tó bá ti kan àwọn òkúta inú ihò yẹn á kan, á sì pọ́n bí ìpẹtà, inú àwọn odò Ekulu àti Iva ló sì ń ṣàn sí. Eruku ni ọ̀tá kejì. Ẹni tó bá fa eruku èédú símú fún ogún ọdún, ikọ́ rẹ̀ kì í tán.

Bàbá mi, tó jẹ́ pé eruku orí ọkọ̀ nìkan ló fà símú, wúkọ́ títí ó fi kú. Mo máa ń ronú nípa ẹni tó wà ní ìdí eruku náà gan-an.

Ibo ni àwọn òṣìṣẹ́ náà ń gbé?

Nínú àgọ́ ni, ní ìbẹ̀rẹ̀. Àdúgbò kan ní Enugu ṣì ń jẹ́ Coal Camp títí di òní, ó ń ta mọ́tò àti èlò mọ́tò báyìí ju ohunkóhun lọ. Àwọn ọkùnrin tó wá láti abúlé kan náà á kó ara wọn jọ, wọ́n á máa dá ẹgbẹ́ ìlú wọn sílẹ̀ bí àwọn Ìjẹ̀bú tó wà ní Èkó ṣe ń ṣe. Owó ẹgbẹ́ ni wọ́n fi ń sin òkú, ni wọ́n fi ń rán ọmọ kan lọ sí ilé ìwé gíga, ni wọ́n fi ń kọ́ ilé ìwé àti ọ̀nà sí abúlé. Ẹ máa gbọ́ pé èédú tún ọkọ̀ ojú irin ṣe. Ó tún àwọn abúlé tó yí Enugu ká ṣe pẹ̀lú, láti àpò àwọn tó wà á.

Àwọn mìíràn kò tilẹ̀ sùn nínú àgọ́. Wọ́n ń rìn láti abúlé wọn lórí òkè wá sí ẹnu ihò, wọ́n ń padà lálẹ́, nítorí oko ò ṣeé fi sílẹ̀. Awa-èédú tó tún jẹ́ àgbẹ̀: èyí ni àwọn ọ̀gá òyìnbó ò lóye, tí wọ́n ń pè ní ọ̀lẹ nígbà tí iṣu bá tó gbìn.

Ìlú tó yí ihò náà ká dàgbà kíákíá. Ní 1929, ó di olú ìlú ìgbèríko gúúsù, lẹ́yìn náà ó di olú ìlú gbogbo ìhà Ìlà-Oòrùn. Ọjà ńlá Ogbete, ibi tí ihò àkọ́kọ́ wà nítòsí rẹ̀, ló gba orúkọ ihò náà mọ́ra.

Ṣé òótọ́ ni pé "boy" ni wọ́n ń pe àgbà ọkùnrin níbẹ̀?

Òótọ́ ni, bí ó ti rí ní rélùwéè wa náà. Bàbá mi tó ti ní ìyàwó àti ọmọ ń dáhùn "boy". Ní Enugu, ọ̀rọ̀ ìbú àti ìgbátí pọ̀ débi pé ó wọnú ìtàn ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́. Okwudili Ojiyi, tó ti ṣe olùkọ́ kó tó wá síbi èédú tó sì di olórí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́, ọ̀gá òyìnbó kan gbá a létí. Ojiyi gbé e lọ sí kóòtù, kóòtù sì ní kí òyìnbó san owó ìtanràn. Èyí ṣẹlẹ̀ ní 1945. Fún ènìyàn tó ti ń tẹ̀ ba nínú ihò fún ọdún mẹ́wàá, kí ó rí òyìnbó tó ń san owó fún gbígbá ènìyàn dúdú létí, ayé ti yí nìyẹn.

Kí ló ṣẹlẹ̀ ní ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá 1949?

Èyí ni ìbéèrè tí mo máa ń dáhùn pẹ́ jù, ẹ fara balẹ̀.

Àwọn tó ń gé èédú sọ pé ìjọba jẹ wọ́n ní owó tó ti pẹ́. Ìjọba ní kò rí bẹ́ẹ̀. Wọn kò yan iṣẹ́ lódì ní gbangba. Ohun tí wọ́n ṣe ni ohun tí wọ́n ń pè ní "welu nwayo", ìyẹn ni pé kí a rọra ṣe é. Ẹ ó wọ ihò, ẹ ó gbé dígà, ẹ ó sì máa ṣiṣẹ́ bí ẹni tó ní gbogbo ayé níwájú rẹ̀. Ọ̀nà ọgbọ́n ni: kò sí òfin tó sọ bí dígà ṣe gbọ́dọ̀ yára tó. Àwọn ọ̀gá dá àwọn agékùsà náà dúró lẹ́nu iṣẹ́, àwọn tó kù sì jókòó sínú ihò, wọn kò jáde.

Ẹ̀rù ba ìjọba nítorí àdó. Àdó tí wọ́n fi ń fọ́ àpáta wà ní ilé ìkó-nǹkan ní ihò kọ̀ọ̀kan, ìjọba sì ń rò pé àwọn ọ̀dọ́ olóṣèlú lè gbà á. Wọ́n ti kó o ní àwọn ibòmíràn. Ó ku ti àfonífojì Iva. Àwọn awakùsà kò fẹ́ kí wọ́n kó o, nítorí wọ́n gbà pé tí àdó bá kúrò, títì pa ló kàn, tí wọ́n bá ti ti ihò, ta ni yóò tún wá bá wọn sọ̀rọ̀ owó? Ní ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì náà, ọ̀gá ọlọ́pàá òyìnbó kan tó ń jẹ́ F. S. Philip kó àwọn ọlọ́pàá oníbọn wá sí Iva. Àwọn awakùsà yọ sí wọn, wọ́n ń kọrin, wọ́n ń jó, púpọ̀ nínú wọn so aṣọ pupa mọ́ ara. Philip wo aṣọ pupa àti ijó, ó rí ogun. Àwọn awakùsà fi aṣọ yẹn sọ fún ara wọn pé a wà papọ̀ ni.

Ìbọn dún. Awakùsà 21 kú. Bíi 50 mìíràn fara gbọgbẹ́. Kò sí ìbọn lọ́wọ́ wọn.

Ìgbìmọ̀ ìwádìí tí William Fitzgerald darí jókòó ní oṣù díẹ̀ lẹ́yìn náà. Wọ́n ní ọ̀gá ọlọ́pàá náà ṣe àṣìṣe nínú ìdájọ́ rẹ̀. Mo ti ka gbólóhùn náà lọ́pọ̀ ìgbà. Àṣìṣe. Tí mo bá dé ibẹ̀ nínú kíláàsì, mo máa ń dákẹ́ díẹ̀ kí àwọn ọmọ gbọ́ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe kéré tó.

Ṣé àwọn Yorùbá dá sí i?

Wọ́n dá sí i. Rògbòdìyàn kọ́kọ́ bẹ́ ní Aba, Port Harcourt, Calabar àti Onitsha, ṣùgbọ́n ní Èkó, àwọn tí wọn kì í jẹ oúnjẹ nínú àwo kan náà nínú òṣèlú jókòó papọ̀ láti dá ìgbìmọ̀ pàjáwìrì orílẹ̀-èdè sílẹ̀, dókítà Akinọlá Maja sì ni alága rẹ̀. Ìṣọ̀kan náà kò tọ́jọ́. Ẹ̀yin tó mọ òṣèlú wa kò ní yà yín lẹ́nu.

Ní Abẹ́òkúta tiwa, ọdún 1949 yẹn ti bẹ̀rẹ̀ lọ́nà tirẹ̀. Ní oṣù kìíní ni Aláké Adémọ́lá Kejì fi ìtẹ́ sílẹ̀ lẹ́yìn tí Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti àti àwọn obìnrin ọjà ti fi orin àti ìjókòó tì wọ́n lórí ọ̀rọ̀ owó orí. Orin àwọn obìnrin wa mú ọba kúrò. Orin àwọn awakùsà mú ìbọn wá. Ọdún kan náà, ìjọba kan náà. N kò tíì rí ẹni tó lè ṣàlàyé ìyàtọ̀ náà fún mi kí ó tẹ́ mi lọ́rùn, ju pé ìjọba fẹ́ràn èédú ju ọba lọ.

Kí ló dé tí kò sí èédú ilẹ̀ ní Abẹ́òkúta tó kún fún òkúta?

Nítorí irú òkúta náà ni. Olúmọ àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, òkúta tó yọ́ bí irin nínú ooru inú ilẹ̀ tó sì tutù díẹ̀díẹ̀ ni. Ewé kan ò lè wà nínú rẹ̀. Ilẹ̀ tó jẹ́ ẹrẹ̀ àti iyanrìn tó tẹ́ lé ara wọn ni èédú ń bẹ nínú rẹ̀. Tí ẹ bá sọ̀kalẹ̀ síhà gúúsù sí Ewékorò, ilẹ̀ ti yí padà, ibẹ̀ ni òkúta ẹfun wà tí wọ́n fi ń ṣe sìmẹ́ǹtì láti 1960. Ẹ̀gbá ní òkúta olówó tirẹ̀, dúdú nìkan ni kò ní.

Kí ló pa iṣẹ́ èédú Enugu?

Ohun mẹ́ta ni wọ́n máa ń dárúkọ, mo sì gbà pẹ̀lú wọn, àmọ́ kí ẹ tò ó dáadáa.

Ní 1958 sí 1959 ni wọ́n wa èédú jù: ó ju 900,000 tọ́ọ̀nù lọ lọ́dún kan. Ìgbà yẹn gan-an ni ó ti ń kú, ẹnikẹ́ni kò mọ̀. Ní 1956 ni wọ́n rí epo ní Oloibiri. Rélùwéè, tó jẹ́ oníbàárà tó tóbi jù, bẹ̀rẹ̀ sí í ra ọkọ̀ tó ń lo dísẹ́lì. Bàbá mi rántí ọkọ̀ dísẹ́lì àkọ́kọ́ tó gba Láfẹ́nwá kọjá. Ó ní kò fọn fèrè bí ènìyàn, ó ń ké bí màlúù. Ẹni tó mọ bí a ṣe ń bọ́ iná kò ní iṣẹ́ lórí rẹ̀. Àwọn ilé iṣẹ́ iná mànàmáná náà yí padà sí epo àti omi Kainji. Ó wá ku ilé iṣẹ́ iná Oji River àti ilé iṣẹ́ sìmẹ́ǹtì Nkalagu àti àwọn díẹ̀ mìíràn.

Lẹ́yìn náà ni ogun abẹ́lé dé ní 1967. Rántí omi tí mo sọ. Ihò tí ẹ̀rọ ò fa omi rẹ̀ fún ọdún méjì, mẹ́ta, adágún ni. Wọ́n ṣí àwọn kan padà lẹ́yìn 1970, ṣùgbọ́n iye èédú náà kò tún dé ibi tó wà mọ́. Èédú yẹn kì í sì í ṣe irú tí wọ́n lè fi yọ́ irin láìlú u mọ́ òmíràn, nítorí náà ilé iṣẹ́ irin Àjàòkúta ò lè gbà á là. Èmi ò lè fi gbogbo ẹ̀bi náà lé ogun lórí. Ogun bá ẹni tó ti ń ṣàìsàn nílé ni.

Ṣé èédú ṣì wà níbẹ̀?

Ó pọ̀. Ó tún wà ní Okaba ní Kogi, Owukpa ní Benue, Obi ní Nasarawa àti Maiganga ní Gombe. Ti Enugu, ó kù nínú òkè.

Mo fẹ́ lọ wò ó. Kí ni mo máa rí?

Ẹ gba ọ̀nà òkè Milliken kí ẹ lè rí bí òkè náà ṣe dúró lórí ìlú. Ẹnu ihò Onyeama wà ní Ngwo, ní ìhà ọ̀nà Onitsha. Ẹ má ṣe wọ inú ihò kankan tí wọ́n ti pa tì, bí ọmọdé kan bá tilẹ̀ fi owó kékeré gbà láti mú yín wọlé; igi tó gbé e ró ti jẹrà, kò sì sẹ́ni tó ń fa omi. Ẹ wo odò tó ń ṣàn jáde níbẹ̀, ẹ ó rí pupa rẹ̀. Bí ẹ bá bá bàbá arúgbó kan pàdé tó ti ṣiṣẹ́ níbẹ̀, ẹ kí i dáadáa, ẹ mú obì dání.

Ọkọ̀ ojú irin tuntun tó ń gba Abẹ́òkúta kọjá ńkọ́? Ṣé èédú ló ń lò?

Rárá, dísẹ́lì ni. Èyí tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èrò láàárín Èkó àti Ìbàdàn ní 2021 kò tilẹ̀ dúró ní Láfẹ́nwá. Ládérìn ni ibùdókọ̀ rẹ̀ wà, wọ́n fi orúkọ Wọlé Ṣóyínká sọ ọ́. Mo ti wọ̀ ọ́. Ó tutù nínú, ó mọ́, aṣọ funfun mi funfun títí mo fi dé Èkó. Àwọn àgbà tí wọ́n wọ ti àtijọ́ mọ ìdí tí mo fi sọ ìyẹn.

Ṣé ṣọ́bìrì bàbá yín ṣì wà?

Ó wà. Ẹnu rẹ̀ ti jẹ tó fi kù bí ìlàjì, a sì ti yí igi rẹ̀ padà lẹ́ẹ̀mejì. Ọmọ àbúrò mi tó ń kọ́lé ló yá a lóṣù tó kọjá láti fi po sìmẹ́ǹtì. Kò tíì dá a padà.